Ara Gbígbọ̀n Kì Í Ṣe Ẹlẹ́rìí

Oríta ńlá ni Ndokoti ní ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kàmẹ́rúùnù. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí bí àwọn alálùpùpù tí wọ́n ń pè ní bendskin ti ń fi ara wọn há àárín ọkọ̀ akẹ́rù, bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ lọ sí àgbègbè ilé-iṣẹ́ Bassa, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sáré lọ sí Ndogbong, àti bí àwọn oníṣòwò ti ń polówó ọjà. Bí a bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ó lè jẹ́ pé nínú yàrá kan ní ẹ̀gbẹ́ oríta náà ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó jẹ́ẹ́, ó di ojú, ó ń ka èémí rẹ̀, orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí mì fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń jó láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́, bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

Ẹ̀kọ́ kan jáde wá láti ilẹ̀ Índíà, ó sì ti tàn dé gbogbo ìlú ńláńlá ayé. Ẹ̀kọ́ náà sọ pé agbára kan wà ní ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn, tí ó ká jọ bí ejò tí ó sùn. Kùndàlínì ni wọ́n ń pe agbára náà; ìtumọ̀ orúkọ yìí ní èdè Sánskríìtì kò sì ju “èyí tí ó ká” lọ. Nípa ìjókòó, èémí àti ìfọkànsí tí wọ́n ń pè ní yógà, ejò yìí lè jí, kí ó sì máa gun ọ̀pá ẹ̀yìn lọ títí yóò fi dé àtàrí. Bí ó ti ń gùn, wọ́n ní ara a máa gbọ̀n, ọrùn a máa yí, apá a máa fò sókè, ohùn àjèjì a sì máa jáde lẹ́nu ẹni náà. Kríyà ni wọ́n ń pe irú ìmì ara bẹ́ẹ̀.

Títí dé ibẹ̀, ìgbàgbọ́ ènìyàn ni, ìgbàgbọ́ kò sì ní ilé-ẹjọ́. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn bá jà ni ohun tí àwọn tí ń ta ẹ̀kọ́ náà lóde òní fi lé e. Nínú ìwé pẹlẹbẹ àti lórí fóònù, wọ́n ti sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí ara rẹ̀ bá gbọ̀n, agbára ti jí nínú rẹ̀. Kí ó má ṣe dá a dúró, kí ó má ṣe bẹ̀rù, kí ó jẹ́ kí agbára náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Ara gbígbọ̀n kì í ṣe ẹlẹ́rìí ohunkóhun, àfi pé ara gbọ̀n.

Olùkọ́ tí ó wà ní Ìṣẹ́yìn, ní Kétu tàbí ní Atakpamé lè béèrè pé kí ni ó kàn án nípa Ndokoti àti ejò ilẹ̀ Índíà. Ó kàn án púpọ̀. Irú oríta bẹ́ẹ̀ wà ní Ọ̀jọ́ta, ó wà ní Dantokpa, ọmọ tí ó ń gbọ̀n sì wà ní ilé-ìwé gbogbo. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníyógà ń sọ nípa kríyà kò yàtọ̀ sí èyí tí ilé àdúrà mìíràn ń sọ nípa ẹ̀mí mímọ́, tàbí èyí tí aládùúgbò ń sọ nípa ẹ̀mí òkùnkùn. Orúkọ ni ó yàtọ̀; àṣìṣe kan náà ni.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn àgbà yógà fúnra wọn kò sọ ohun tí àwọn ọmọ wọn ń sọ yìí. Nínú ìwé Yoga Sutra, tí orúkọ Patanjali wà lórí rẹ̀, tí ó sì ti lé ní 1,500 ọdún, a ka àwọn ohun tí í máa bá ìdààmú ọkàn rìn: ìrora wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, èémí tí kò lọ déédéé wà níbẹ̀, gbígbọ̀n ara náà sì wà níbẹ̀. Ìdíwọ́ ni ìwé náà kà á sí! Ìwé kejì ni Hatha Yoga Pradipika, tí Svatmarama kọ ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ìwé yìí mọ kùndàlínì dáadáa, ó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń ka ìpele ìdarí èémí, ó fi òógùn sí ìpele àkọ́kọ́, ó fi gbígbọ̀n sí ìpele àárín. Kò fi í sí òpin. Ó tún kìlọ̀ pé bí ènìyàn ti ń fi sùúrù tu kìnnìún àti erin lójú, bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa fi sùúrù tu èémí. Ẹni tí ó bá fi agbára ṣe é, àìsàn ni yóò kó. Ta ni ó wá fún àwọn olùkọ́ fóònù láṣẹ láti sọ ìdíwọ́ àná di àmì-ẹ̀yẹ òní?

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà yí padà kò ṣòro láti tọ̀. Ní ọdún 1919, John Woodroffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga Calcutta, gbé ìwé kan jáde nípa agbára ejò yìí, orúkọ tí ó fi bò ara rẹ̀ ni Arthur Avalon. Láti inú ìwé náà ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa kùndàlínì. Lẹ́yìn náà ni Swami Muktananda (1908–1982) dé, tí ó ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ganeshpuri, tí ó sì lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kejì. Ó kọ́ni pé olùkọ́ lè fi ọwọ́ kàn ọmọ-ẹ̀yìn kí agbára náà jí lójú kan náà. Ní ìpéjọpọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn a máa sunkún, ẹlòmíràn a máa gbọ̀n, ẹlòmíràn a máa ká ara rẹ̀ sí oríṣìíríṣìí ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni àwọn tí kò jókòó sẹ́sẹ̀ olùkọ́ rí, tí wọ́n kàn ka ìwé, ti ń wá gbígbọ̀n kiri bí ẹni ń wá owó tí ó sọnù.

Síbẹ̀, ẹni kan wà láàárín wọn tí ó yẹ kí ènìyàn fetí sí. Gopi Krishna ni orúkọ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba ni ní ilẹ̀ Kashmir. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1937, ní ìdájí, níbi tí ó jókòó sí bí ìṣe rẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i tí òun fúnra rẹ̀ pè ní jíjí kùndàlínì. Kì í ṣe ayọ̀ ni ó tẹ̀lé e. Oorun lọ, oúnjẹ kò wọlé mọ́, ooru ń jó o nínú bí iná, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun yóò ya wèrè. Ó wá olùkọ́ tí yóò la ọ̀nà fún un, kò rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jìyà kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ọdún 1967 ni ìwé rẹ̀ jáde, èyí tí ó ti ń sọ ìyà náà láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó gbàgbọ́ nínú kùndàlínì títí ó fi kú ní ọdún 1984, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé eré ni. Àwọn tí ń fi orúkọ rẹ̀ polówó kì í ka ibi tí ìyà wà fún àwọn oníbàárà wọn.

Kí ni ó ń mú ara mì nígbà náà, bí kì í bá ṣe ejò? Ohun púpọ̀ ni, díẹ̀ nínú wọn sì ti hàn gbangba tipẹ́. Ẹni tí ó bá ń mí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, bí àwọn kan ti ń ṣe nínú yógà, yóò tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò yí padà díẹ̀. Ètè àti ìka rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ta rìnrìn, ojú yóò máa kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ká gbagidi bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ká a. Bí ó bá padà sí mímí jẹ́jẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò lọ. Ẹni tí oorun sì ń gbé lọ, iṣan rẹ̀ a máa ta gìjà lójijì, ẹni tí ó jókòó di ojú fún wákàtí kan kò sì jìnnà sí oorun.

Ohun mìíràn tún wà. Ní ọdún 1853, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn a máa jókòó yí tábìlì ká, wọn a gbé ọwọ́ lé e, tábìlì náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí yí. Wọ́n ní òkú ni ó ń yí i. Michael Faraday, ọ̀mọ̀ràn tí ó ti ṣàwárí ohun púpọ̀ nípa iná mànàmáná, kò bá wọn jiyàn. Páálí ni ó gbé sáàárín ọwọ́ wọn àti tábìlì, ó fi nǹkan rírọ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ra wọn, kí ó lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sún. Ó rí i pé ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ sún, tábìlì sì tẹ̀lé e. Olóòótọ́ ènìyàn ni àwọn tí ó jókòó náà, wọn kò purọ́; wọn kò mọ̀ pé àwọn ni àwọn ń tì í. Nígbà tí Faraday wá fi ọ̀pá kékeré kan síbẹ̀ tí yóò máa fi ìtìsí ọwọ́ wọn hàn wọ́n lójú, tábìlì kò yí mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ tábìlì yìí ni èyí tí àwọn oníyógà kò fẹ́ gbọ́. Ènìyàn lè máa mì ara rẹ̀ láìmọ̀ pé òun ni. Kò túmọ̀ sí pé ó ń tan ènìyàn jẹ, kò sì túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọkàn bá ń retí gidigidi ni ara a máa ṣe kí ọkàn tó mọ̀. Bí a bá sọ fún ogún ènìyàn pé ọrùn wọn yóò yí, ọrùn àwọn kan nínú wọn yóò yí.

Ó dájú pé ẹnìkan yóò dìde láti sọ pé ọ̀rọ̀ aláwọ̀ funfun ni gbogbo èyí, pé àwa náà ní òrìṣà tí í gun ènìyàn, ara ẹni tí òrìṣà gùn a sì máa gbọ̀n. Òótọ́ ni, àríyànjiyàn yìí sì ni ó lágbára jù. Ó yẹ kí a tú u wò dáadáa, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí bí iwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo elégùn Ṣàngó. Ṣé ọjọ́ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n ni ó di elégùn? Rárá o. Ifá ni a kọ́kọ́ bi. Lẹ́yìn náà ni a mú un wọ ilé òrìṣà, a fá orí rẹ̀, a dá oṣù fún un, a sì kọ́ ọ ní orin, ìjó, èèwọ̀ àti ìwà. Ìgbà tí gbogbo èyí bá pé ni ó tó jáde síta. Nígbà tí Ṣàngó bá sì gùn ún lójú agbo, kì í ṣe òun nìkan ni ó wà níbẹ̀: onílù bàtá wà níbẹ̀ tí ó mọ ìlù tí ń pè é, àwọn tí ń mú un lọ́wọ́ wà níbẹ̀ kí ó má baà ṣubú lu òkúta, àwọn àgbà sì wà níbẹ̀ tí ó mọ ọ̀nà tí a fi ń mú ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé pẹ́ láàárín àwọn olórìṣà ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Dàhómì àti ní Bahia, kọ ọ́ sínú àròkọ kan ní ọdún 1969 pé àṣà ni ó ń darí gígùn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gilbert Rouget, tí ó ṣe ìwádìí ní Porto-Novo, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1980 pé ìlù kọ́ ni ó ń gun ènìyàn, nítorí pé gbogbo agbo ni ó ń gbọ́ ìlù kan náà, síbẹ̀ ẹni tí a ti kọ́ ni òrìṣà ń gùn.

Nítorí náà, nínú àṣà Yorùbá, gbígbọ̀n kì í ṣe ẹ̀rí, ohun tí a máa ń yẹ̀ wò ni. Ẹni tí ó bá ń gbọ̀n níta láìsí orin, láìsí ìlù, láìsí àgbà, àwọn bàbá wa kò ní kí á dọ̀bálẹ̀ fún un. Wọn a béèrè ohun tí ó ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní Douala fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Sawa, tí Duala jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, gbàgbọ́ nínú àwọn ẹ̀mí omi tí wọ́n ń pè ní miengu. Ní oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún Ngondo létí odò Wouri, èyí tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àṣà ayé ní ọdún 2024. Awẹ̀ odò kan yóò mú ohun èlò mímọ́ wọ ìsàlẹ̀ omi lọ, yóò sì mú iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀mí rán jáde wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò túmọ̀ iṣẹ́ náà fún ìlú. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n kà ni yóò kà á. Ẹni tí ó lọ sísàlẹ̀ omi kò ní àṣẹ láti sọ pé, “Èmi ni mo lọ, èmi ni kí ẹ gbọ́ tèmi.”

Àwọn ìjọ Aládùúrà náà mọ ọgbọ́n yìí. Láti ọdún 1925 tí Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọwọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Kérúbù àti Séráfù ní Èkó, àti láti ọdún 1947 tí Oschoffa ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ní Porto-Novo, ẹ̀mí ti ń gbé ènìyàn nínú ilé àdúrà wọn. Níbi tí nǹkan bá ti lọ létò, àwọn àgbà ìjọ a máa gbọ́ ìran tí aríran rí, a máa kọ ọ́ sílẹ̀, a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbà á. Níbi tí ètò bá ti bàjẹ́ ni ẹni tí ó gbọ̀n jù ti ń di ọ̀gá.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Erika Bourguignon, obìnrin onímọ̀ àṣà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ka àwùjọ 488 káàkiri ayé, ó sì tẹ iye rẹ̀ jáde ní ọdún 1973: nínú 437, èyí tí í ṣe 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ni a ti rí àṣà kan tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ọkàn láti kúrò ní ipò rẹ̀ ojoojúmọ́. Ohun tí ó wọ́pọ̀ tó báyìí kì í ṣe wèrè. Ìwé àjọ ìlera àgbáyé tí ó ń to àrùn lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀dà ti ọdún 1992, sọ ọ́ kedere pé gígùn tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀sìn tàbí àṣà kì í ṣe àrùn; èyí tí ó bá wá láìfẹ́ ẹni náà, ní ìta àṣà, tí ó sì ń dà á láàmú, ni kí a kà sí àrùn. Kí àwọn alákọ̀wé tí ń fi ọwọ́ kan pe gbogbo rẹ̀ ní wèrè gbọ́ èyí. Dókítà Adéoyè Lambo kò fi ọwọ́ gbá àṣà sẹ́yìn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954. Inú abúlé, láàárín ẹbí wọn, ni ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Àlùfáà Meinrad Hebga (1928–2008), ọmọ Kàmẹ́rúùnù láti inú ẹgbẹ́ Jésúìtì, tí ó dá ẹgbẹ́ àdúrà Ephphata sílẹ̀ ní ọdún 1976, kọ odindi ìwé kan ní ọdún 1998 láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ Áfíríkà ń sọ nípa irú nǹkan báwọ̀nyí ní ìrònú nínú. Ó ní ara, èémí àti òjìji ni ènìyàn. Ènìyàn lè má gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìrònú wá ni a fi ìrònú dá lóhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀ràn ni ọ̀dọ̀ ọmọdé.

Àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ jókòó ní Ndokoti kí ọrùn rẹ̀ máa yí, ara rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ṣubú nínú kíláàsì, tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí ó ń jà pìtìpìtì, tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, kò yan ohunkóhun. Wárápá ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní wárápá láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí ó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní i ni ó lè gbé ayé wọn láìṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ, oògùn rẹ̀ kan tí ó ti pẹ́, fẹnobábítónì, kò sì wọ́n. Kí ni ó wá ń dí wọn lọ́wọ́? Owó àti jíjìnnà ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí àwọn tí ó dúró yí ọmọ náà ká fún gbígbọ̀n rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí Douala. Odò Mbam ń ṣàn wọ odò Sanaga, Sanaga sì ń gba Edéa kọjá lọ sí òkun. Ní àfonífojì odò méjèèjì ni wárápá ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta ni kòkòrò dúdú kékeré kan ti ń pamọ, kòkòrò náà ni ó sì ń gbé aràn tí ń fọ́ni lójú kiri. Ní ọdún 1991 àti 1992, àwọn oníṣègùn ka iye ọmọ aràn náà nínú awọ ara àwọn ọmọdé ní àwọn abúlé kan lẹ́bàá Mbam. Nígbà tí wọ́n padà wá àwọn ọmọ wọ̀nyí rí ní 2017, tí wọ́n ti di géńdé, wọ́n rí i pé àwọn tí aràn pọ̀ lára wọn jù nígbà náà ni wárápá ti mú jù. Ọdún 2018 ni àbájáde yìí jáde. Kòkòrò àti aràn ni. Kì í ṣe ejò ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í sì í ṣe màmí-wọ́tà. Oògùn aràn náà sì wà, ọ̀fẹ́ ni a ń pín in fún àwọn abúlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ará Mbam nìkan ni ó ṣìnà. Láàárín Yorùbá, bí gìrì bá mú ọmọ ọwọ́, àwọn kan a máa fún un ní àgbò tí a fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti àlùbọ́sà ṣe. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn kọ̀wé nípa májèlé inú àgbò yìí ní ọdún 1975. Ọmọ tí gìrì ìbá fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àgbò a gbé e lọ. Ẹlòmíràn a ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Àwọn mìíràn a sá fún aláìsàn, wọn a ní itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ràn. Kì í ràn rárá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun kan tún wà tí ó so yógà àti wárápá pọ̀, tí ó yẹ kí ó dẹ́rù ba olùkọ́ tí ó bá fẹ́ máa fi ìdárayá èémí kọ́ ọmọ. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀: ọmọ náà yóò kàn tẹjú mọ́ ọ̀kánkán fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kò ní gbọ́, kò ní dáhùn, lẹ́yìn náà yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ a sọ pé aláìfọkànsí ni, a sì nà án. Nígbà tí dókítà bá fẹ́ mọ̀ dájú, ohun tí ó máa ń ní kí ọmọ náà ṣe ni pé kí ó mí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí pé irú èémí bẹ́ẹ̀ a máa fa àrùn náà jáde. Ohun tí dókítà ń ṣe ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀rọ àti nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan ń ní kí ogójì ọmọ ṣe nínú gbọ̀ngàn, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì yí ojú padà, a ní agbára ti jí nínú rẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ kan, odindi ilé-ìwé ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kíní ọdún 1962, ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Kashasha, ní Tanganyika, ọmọ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín tí wọn kò lè dákẹ́. Ẹ̀rín di ẹkún, ẹkún di ìjà. Kí ó tó di ọjọ́ 18 oṣù Kẹta tí wọ́n ti ilé-ìwé náà pa, ó ti mú 95 nínú àwọn ọmọ 159. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ oúnjẹ wò, wọn kò rí májèlé tàbí kòkòrò àrùn. Wọ́n ṣí ilé-ìwé padà ní oṣù Karùn-ún, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdààmú ọkàn ni ó ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì, ojú àti etí ni ọ̀nà tí ó ń gbà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé púpọ̀ ní Áfíríkà àti ní òkè òkun láti ìgbà náà. Ohun tí í sì máa ń dáná sí i jù ni pé kí wọ́n kó gbogbo àwọn ọmọ jọ sójú kan, kí wọ́n pe ẹni tí yóò lé ẹ̀mí jáde, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa wo èkejì bí ó ti ń ṣubú. Ní ọdún 2013, ìjọba Kàmẹ́rúùnù ti ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn pa ní àwọn ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ìjọba kò lè ti ìtumọ̀ pa lọ́kàn ènìyàn. Inú kíláàsì ni a ti ń ṣe ìyẹn.

Wèrè dùn ún wò, kò ṣé bí lọ́mọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣubú, kí olùkọ́ lé àwọn òǹwòran jáde ní àkọ́kọ́. Kí ó kó àga àti ohun líle kúrò nítòsí, kí ó fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Kí ó má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ó má ṣe dì í mú, kí ó má ṣe da omi tàbí epo sí i lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tí ìjà náà bá rọlẹ̀, kí ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè jáde, kí ó sì dúró tì í títí ojú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí òmíràn tẹ̀lé e kí ọmọ náà tó mọ ara rẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó wo aago kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé: wákàtí tí ó bẹ̀rẹ̀, apá tí ó kọ́kọ́ mì, bóyá ojú ṣí tàbí ó dì, bóyá ọmọ náà tọ̀ sára, bóyá ó bu ahọ́n rẹ̀ jẹ, ohun tí ó ń ṣe kí ó tó ṣubú, àti ohun tí ó rántí nígbà tí ó jí. Dókítà kì í sábà bá ọmọ níbi tí ó ti ń ṣubú. Ìwé kékeré yẹn, pẹ̀lú àmì ọwọ́ olùkọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ béèrè.